Ká tó ra ẹ̀rọ orin, ẹ jẹ́ ká mọ ohùn tí a fẹ́ fi sínú rẹ̀



Bí ènìyàn bá ń lọ nínú ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ orin. Ọ̀kan ń kọ orin ìjọ, èkejì ń ka Kùránì, ẹ̀kẹta ń lu ìlù, gbogbo wọn sì ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Òǹtajà á gbé èyí tó kéré bí ọṣẹ lé oníbàárà lọ́wọ́, á ní: “Ìyá mi, èyí lágbára o. Ó ń gba káàdì, ó ń gba fláàṣì, ó ń mú rédíò, ó tún ní iná tí ẹ ó fi máa ríran lóru.” Ìyá á béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ṣé ó ń dún dáadáa?” Òǹtajà á yí ohùn rẹ̀ sókè. Ìyá á tú ìdí aṣọ, á sanwó, ó di ilé.

Èrò tiwa, àwa tí à ń kọ ojú ìwé yìí, ni pé ìbéèrè yẹn kò tó. Kò sí ẹ̀rọ tuntun tí kì í dún lọ́jọ́ tí a rà á. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa, ká tó bi òǹtajà ní ohunkóhun, ni èyí: ohùn ta ni mo fẹ́ máa gbọ́ nínú rẹ̀, ọdún mélòó ni mo sì fẹ́ kí ohùn náà wà? Ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí, ó ti mọ irú ẹ̀rọ tí yóò rà.

A ní ìdí tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní ìyá àgbà kan ní abúlé kan nítòsí Kétu. Ìyá yìí mọ orin Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń kọ lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́jọ́ kejì, ó sì mọ oríkì ilé wọn láti orí ẹni tó tẹ agbo ilé náà dó. Nígbà tí a ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìròyìn, a fi owó èsúsú ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń kọrin tó sì tún ń gba ohùn sílẹ̀. A ra káàdì kan mọ́ ọn tí wọ́n kọ gígá 64 sí lára, nítorí pé a gbà pé bí àyè bá ṣe pọ̀ tó ni ọjà ṣe dára tó. A kó orin àti ìwàásù sí i. Lẹ́yìn náà, ní ìgbà ìsinmi méjì, a ń jókòó ti ìyá lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, a sì ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Inú wa dùn pé àyè ṣì pọ̀ lórí káàdì. A kò dà á kọ sí ibòmíràn.

Nígbà tí a padà sí Àjàṣẹ́ tí a fẹ́ gbọ́ ọ, ohun tí a gbà ní alẹ́ àkọ́kọ́ dún. Ti alẹ́ kejì dún dé ìdajì, ó dákẹ́. Àwọn yòókù ní orúkọ lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò sí ohùn nínú wọn. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá wa yẹ káàdì náà wò. Ó ní gígá 64 tí wọ́n kọ sí i, irọ́ ni, gígá 4 péré ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti ṣe é kí ó máa purọ́ fún ẹ̀rọ pé àyè ṣì wà, ohun gbogbo tí a sì fi sí i lẹ́yìn tí ó ti kún, ṣe ni ó ń ṣòfò. Kí a tó rí àyè padà lọ sí abúlé, ìyá ti lọ bá àwọn àgbà tó ṣáájú rẹ̀.

A kò sọ ìtàn yìí láti bú òǹtajà kankan. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á fún wa má mọ̀ pé ayédèrú ni. Àwa gan-an ni a kò dán an wò. A sọ ọ́ nítorí pé lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn wa ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀, láti Pọ́bẹ̀ títí dé Sábẹ̀ẹ́, tí owó ń ṣòfò, tí ohùn sì ń ṣòfò pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí nǹkan yìí ti wá. Ní 1979 ni ilé iṣẹ́ Sony ní Jàpáánù gbé Walkman jáde, tí ènìyàn ń fi kásẹ́ẹ̀tì sí, tó ń gbé e kiri. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ní Jámánì ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ọ̀nà láti fún orin pọ̀ kí ó lè gba àyè díẹ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n fún un ní orúkọ MP3 tí a mọ̀ lónìí. Ní 1998, ẹ̀rọ MP3 alágbèéká jáde láti Gúúsù Kòríà. Apple gbé iPod tirẹ̀ jáde ní 2001, ó sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2022, nígbà tí fóònù ti gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń kúrò nínú òwò yìí, ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa ẹ̀rọ náà kò kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. Ohun tó yí padà ni pé ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí àtẹ lónìí kò ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí ọ́fíìsì tí a máa gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ojú ẹni tó ń rà á là.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wa á sọ pé: “Kí la tún fẹ́ fi ẹ̀rọ orin ṣe? Ṣé fóònù kò tó ni?” Fún ẹni tí iná kì í kú nílé rẹ̀, ó lè tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá tó gbé gàrí lọ sí ọjà Kétu. Inú fóònù rẹ̀ ni oníbàárà ń san owó MoMo sí, òun náà ni wọ́n fi ń pè é láti Kútọ̀nu pé ẹrù ti dé. Bí ó bá ti fi fóònù yẹn gbọ́ orin láti àárọ̀, tí bátìrì rẹ̀ kú ní ọ̀sán, orin ti ba ọjà jẹ́ nìyẹn. Ẹ tún wo àgbẹ̀ tó ń sùn ní oko ní ibi tí iná SBEE kò tíì dé. Fóònù rẹ̀ ni ó fi ń ké sí ilé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tó jẹ́ ti orin nìkan, tí iye rẹ̀ kò tó ti fóònù, ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Kí a yàn án dáadáa ló kù.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ wò ni bátìrì. Ẹ ní kí òǹtajà ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ̀yìn náà kò bá ṣeé ṣí, ẹ rò ó dáadáa, nítorí pé kò sí bátìrì tó ń gba iná tí kì í gbó. Bí ọdún ṣe ń lọ ni iná tó lè gbà ń dín kù, títí tí orin kò fi ní dún ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ kò ṣeé yọ, ọjọ́ tí bátìrì bá kú ni òun náà kú. Èyí tó ń lo bátìrì BL-5C, irú èyí tó wà nínú àwọn Nokia kékeré àtijọ́, dára fún wa, nítorí pé kò sí ọjà kékeré tí a kì í ti í rí i rà. Èyí tó lè lo òkúta rédíò pẹ̀lú tún dára fún ẹni tó ń pẹ́ ní oko. Ẹ tún wo ojú ihò tí wọ́n ń fi gba iná. Bí okùn fóònù yín bá wọ ibẹ̀, wàhálà kan ti dín kù. Okùn kan á sin ẹ̀rọ méjì, ẹni tó ní sólà kékeré náà á lè lò ó.

Ohun kejì ni káàdì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá dẹ́rù bà yín tàbí kó tàn yín. Orin MP3 bí a ṣe ń sábà rí i kì í gba ju nǹkan bíi mẹ́gá kan lọ fún ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni pé káàdì gígá 4 tòótọ́ á gba orin tó ju wákàtí 65 lọ, gígá 8 á sì gba èyí tó ju wákàtí 130 lọ. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ tọ̀sán-tòru láìsùn, ó ju ọjọ́ márùn-ún lọ kí ó tó tán. Ta ló nílò gígá 64 fún orin oko? Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré yìí ni a kò ṣe fún káàdì tó ju gígá 32 lọ. Bí ẹ bá ki èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ bọ̀ ọ́, ó lè má dá a mọ̀ rárá. Káàdì kékeré méjì tó jẹ́ ojúlówó sàn ju ńlá kan tó ń purọ́.

Báwo ni a ṣe ń mọ ojúlówó? Orúkọ tó wà lára rẹ̀ kò tó, nítorí pé ayédèrú náà mọ orúkọ í kọ. Ọ̀nà tó dájú ni kí a kó orin sí i títí tí yóò fi kún pátápátá, kí a wá tẹ èyí tí a fi sí i kẹ́yìn, kí a gbọ́ ọ dópin. Bí ti ìkẹyìn bá dún ketekete, bí ti àárín náà bá dún, káàdì náà kò parọ́. Àwọn ọmọ wa tó ń kó orin sí káàdì fún ènìyàn lọ́jà lè bá yín ṣe èyí. Ẹ bá òǹtajà sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó: “Mo máa dán an wò lónìí, bí kò bá pé, mo máa dá a padà lọ́la.” Ẹni tó bá mọ̀ pé ọjà òun dára kò ní bínú sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun kẹta ni irú ohùn tí ẹ̀rọ náà lè gbọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ṣe é rí: bàbá sọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tàbí kí ó súre fún àwọn ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp, ọmọ dà á kọ sórí káàdì, ó fi sí ẹ̀rọ orin, ẹ̀rọ sì dákẹ́ lọ bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Kì í ṣe pé káàdì bàjẹ́. Ohùn orí WhatsApp kì í ṣe MP3, ẹ̀rọ kékeré kò sì mọ̀ ju MP3 àti ìkan tàbí méjì mìíràn lọ. Ẹ ní kí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà bá yín yí i sí MP3. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ohun kẹrin, ẹ mú káàdì tiyín dání lọ sí ọjà. Káàdì òǹtajà, orin tó máa fi ẹ̀rọ rẹ̀ hàn dáadáa ló wà lórí rẹ̀, ìlù tó ń dún kíkankíkan. Tiyín ni kí ẹ fi sí i, kí ohùn ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀: ìwàásù, ìtàn, ẹsẹ Ifá, ohunkóhun tí ẹ máa ń gbọ́. Ẹ fi ohùn sí àárín, ẹ má yí i dé òpin. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láìfi etí mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà dára. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, kí ẹ tún tàn án. Ṣé ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dúró sí, àbí ó padà sí orin àkọ́kọ́? Ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù wákàtí méjì yóò mọ ìdí tí a fi béèrè.

Ohun karùn-ún, a sì ń bá àwọn ọmọ tó ń ra ẹ̀bùn bọ̀ láti Kútọ̀nu tàbí Èkó sọ èyí ní pàtàkì: ọwọ́ ẹni tó máa lò ó ni kí ẹ fi yàn án. Ìyá yín kò lè máa fi ìka pa ojú gíláàsì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo tàbí èlùbọ́. Ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnì tó yọ síta, tí ó lè fi ọwọ́ mọ̀ nínú òkùnkùn: èyí ni ti títàn, èyí ni ti orin tó kàn. Bí ó bá jẹ́ pé dandan ni kí a ka ìwé kí ó tó dún, ọmọ ilé ìwé ni yóò di oní-ẹ̀rọ, ìyá á kàn máa bẹ̀ ẹ́ ni.

Ní ti ariwo, a mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ wa ń dùn bí gbogbo àdúgbò bá gbọ́ orin wa. Ṣùgbọ́n etí kò ní ààrọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ní kí àgbàlagbà má gbọ́ ohùn tó tó decibel 80 ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀, kí ti ọmọdé sì wà ní 75. Àwọn náà ló ní kí a má yí ohùn ju ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ̀rọ lọ. Ọ̀dọ́ tó ń ki ohùn bọ etí láti àárọ̀ dalẹ́ lórí zémidjan, kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbọ́ ohùn ọmọ ọmọ rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ iwájú.

Gbogbo èyí tí a ti sọ, owó ló ń bá wa ṣọ́. Ó ku èyí tí owó kò lè rà padà.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí kò ṣeé kó padà ni wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀ fún wa. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, káàdì tó kéré ju èékánná lọ ni a kó ẹyin náà lé. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún ńlá fún gbogbo ayé. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé wọn ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Iyì ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò gba ohùn ìyá tó wà ní agbo ilé yín sílẹ̀. Kò mọ orin tí wọ́n fi bú olè ọdún náà lọ́hùn-ún, kò mọ oríkì tí wọ́n fi ń jí bàbá bàbá yín. Àwa tí a ní ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ yẹn kàn.

Nítorí náà, bí ẹ bá gba ohùn àgbà sílẹ̀, ẹ má fi sí ojú kan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ọ̀kan wà lórí káàdì tí ẹ fi ń gbọ́ ọ, kí ọ̀kan wà lórí káàdì tí a kò ní fọwọ́ kàn, tí a dì sínú nǹkan tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ ẹbí tó ń gbé ní ìlú mìíràn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo orin ni a ń gbà sílẹ̀, ohun tí àgbà bá ní awo ni, ẹ jẹ́ kó jẹ́ awo.

A sì ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tó ń ta ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí oníbàárà dán ọjà wò kó tó lọ. Ẹni tí ẹ kò rẹ́ jẹ ni yóò mú aládùúgbò rẹ̀ wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kó orin sí káàdì, ẹ ti ní kọ̀ǹpútà, ẹ ti ní ìmọ̀. Bí ìyá kan bá gbé ohùn àgbà wá sọ́dọ̀ yín, ẹ bá a tọ́jú ọ̀kan síbẹ̀ kí ẹ tó fún un ní tirẹ̀, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù fún ẹnì kejì wa nínú ohùn ìyá àgbà rẹ̀ ni alẹ́ kan àti ààbọ̀. Ó ti yí i sí MP3, ó ti dà á kọ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó ra ẹ̀rọ kékeré kan fún ìyá rẹ̀, oní-bọ́tìnì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé ṣí, ó fi ohùn náà sí i. Ìyá rẹ̀ ń gbé e lọ sí ọjà. Bí ó bá dé ibi tí ohùn náà ti gé, ìyá ló máa ń parí orin náà fúnra rẹ̀, ibi tó bá rántí. Ìsinmi tó ń bọ̀, ti ìyá yẹn náà ni a fẹ́ gbà sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, a ti dán káàdì wò.